Oúnjẹ Ilé Tí Mo Fẹ́ràn Jù: Àròkọ Aṣàpèjúwe àti Àwòṣe Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Kọ àròkọ lórí oúnjẹ ilé kan tí o fẹ́ràn jù, kí o sì sọ ohun tí ó mú kí o máa rántí rẹ̀.

1. OHUN TÍ ÌBÉÈRÈ YÌÍ Ń FẸ́

Akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí o bá kọ́kọ́ ka ìbéèrè yìí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, inú rẹ lè dùn, kí o rò pé ó bọ́ sí i fún ọ. Ta ni kò jẹun rí? Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú jù ni awakọ̀ ti máa ń tòògbé. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó máa ń ṣòro láti kọ dáadáa, nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Olùyẹ̀wò tí ó ti ka ogójì ìwé lórí iyán àti ẹ̀gúsí ní àárọ̀ ọjọ́ kan yóò máa retí ẹni tí yóò sọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí fún un.

Ṣe àkíyèsí pé apá méjì ni ìbéèrè náà ní. Apá kìíní ní kí o ṣàpèjúwe oúnjẹ náà: kí ni a fi ń sè é, báwo ni a ṣe ń sè é, báwo ni ó ṣe rí lójú, ní imú àti lẹ́nu. Apá kejì ní kí o ròyìn: ta ni ó sè é fún ọ, níbo ni o ti jẹ ẹ́, kí ni ó ṣẹlẹ̀ tí oúnjẹ náà kò fi kúrò lọ́kàn rẹ? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a kọ apá kìíní ní ojú ewé méjì, wọn a wá fi ìlà kan parí apá kejì. Irú wọn kò dáhùn ju ìdajì ìbéèrè lọ.

2. ÀṢÌṢE MẸ́RIN TÍ Ó YẸ KÍ O SÁ FÚN

(a) Má ṣe sáré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe tí gbogbo ènìyàn ń lò. Àwọn àgbà a máa sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wà ni o fẹ́ kọ nípa rẹ̀, kí ni iyán ń wá níbẹ̀? Òwe tí kò bá bá ọ̀rọ̀ rẹ mu kò níí gba máàkì kankan fún ọ.

(b) Má ṣe sọ àròkọ rẹ di ìwé ìdáná. Olùyẹ̀wò kò fẹ́ mọ iye ṣíbí iyọ̀ tí o dà sí ọbẹ̀.

(d) Má ṣe máa yin oúnjẹ náà ní àyìntúnyìn. Ẹni tí ó kọ pé "ó dùn, ó dùn gan-an, ó dùn ju oyin lọ" kò tíì sọ nǹkan kan. Adùn kò ṣeé fi ẹnu tọ́ wò lórí ìwé. Ohun tí ó yí adùn náà ká ni kí o fi hàn wá.

(e) Má ṣe kó ìtàn ìlú rẹ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó wá láti Tápà lè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Tápà jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn yòókù ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lànlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí oúnjẹ wà ni a ń retí kí o mú wa lọ. Jẹ́ kí ìlú náà fara hàn láti inú oko, àpáta, ọjà àti ilé ìdáná rẹ̀.

3. MỌ OÚNJẸ RẸ KÍ O TÓ KỌ Ọ́

Kì í ṣe ohun tí ìwọ fúnra rẹ rí nìkan ni ó yẹ kí o mọ̀. Bí o bá mọ ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan bí a ṣe ń ṣe é, ọwọ́ rẹ yóò balẹ̀ nígbà tí o bá ń kọ̀wé. Àwòṣe wa nínú ẹ̀kọ́ yìí dá lórí àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa, oúnjẹ tí àwọn ará Ìbàràpá mọ̀ dunjú. Wo díẹ̀ nínú ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ kọ nípa rẹ̀ mọ̀.

Gbáàgúdá ni a fi ń ṣe làfún. Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbáàgúdá ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará Pọtogí ni wọ́n sì gbé e dé etí òkun Áfíríkà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́yìn, ìyẹn ní nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn. Oró wà nínú gbáàgúdá tútù, pàápàá jù lọ èyí tí ó korò. Rírì í sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti sísá a sínú oòrùn ni wọ́n ń dín oró náà kù. Nítorí náà, ìyá tí kò jẹ́ kí a yọ gbáàgúdá kúrò nínú omi kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé mọ ohun tí ó ń ṣe. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni a ti ń jẹ làfún. Àwọn ará wa ní Bìnì Olómìnira náà ń jẹ ẹ́.

Ìlasa ni ewé ilá. Ilá ní tirẹ̀ jẹ́ ohun ọ̀gbìn tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Igbó-Ọrà gbà pé ọbẹ̀ ìlasa àti iṣu ni ó ń mú kí ìbejì pọ̀ ní ìlú wọn, ìlú tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọdún ìbejì láti ọdún 2018. Bí o bá fẹ́ mú èyí wọ inú àròkọ rẹ, kọ pé "àwọn ará ìlú gbà pé". Má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a mọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí olùyẹ̀wò fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ronú.

4. ÌLAPA ÈRÒ

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, fi ìṣẹ́jú márùn-ún lapa èrò rẹ. Báyìí ni a ṣe lapa èrò fún àwòṣe wa:

(i) Ìfáàrà: oúnjẹ tí mo fẹ́ràn, àti pé mo ti kọ̀ ọ́ rí.
(ii) Bí a ṣe ń ṣe làfún ní ilé wa. Òjò àti àpáta.
(iii) Ọbẹ̀ ìlasa.
(iv) Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́.
(v) Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ oúnjẹ.
(vi) Òru ọjọ́ náà àti àárọ̀ ọjọ́ kejì.
(vii) Ìkádìí: bí nǹkan ṣe rí lónìí.

5. ÀRÒKỌ ÀWÒṢE

Oúnjẹ Ilé Tí Mo Fẹ́ràn Jù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí ní oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù, n ó dáhùn pé àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí mo kọ oúnjẹ yìí lójú ẹni tí ó sè é. Bí mo ṣe kọ̀ ọ́ àti bí mo ṣe padà jẹ ẹ́ ni n ó sọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí bàbá mi ni mo dàgbà sí ní Tápà. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Gbáàgúdá àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń gbìn jù. Bí a bá ti hú gbáàgúdá dé láti oko, a ó bó o, a ó ṣàn án, a ó sì rì í sínú omi nínú ìkòkò ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó ń lò níbẹ̀. Bí ó bá ti rọ̀, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo agbo ilé. Ìyá àgbà a fa okùn inú rẹ̀ yọ, a ó sì rù ú lọ sí orí àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé láti sá a. Àwa ọmọdé ni a máa ń lé ewúrẹ́ àti adìẹ kúrò níbẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ìyá àgbà a kígbe láti inú ilé pé, "Òjò o! Ẹ kó làfún!" Gbogbo wa a sáré gun àpáta náà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń jẹun a dìde, ẹni tí ó ń sùn a jí. Mo fi ẹsẹ̀ gbá òkúta ní ọjọ́ kan nítorí làfún, àpá rẹ̀ sì wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi títí di òní. Bí ó bá gbẹ tán, a ó gún un nínú odó, ìyá àgbà a sì fi kọ̀nkọ̀sọ̀ jọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun kúnná.

Ní ti ọbẹ̀, ọ̀dọ́ ewé ilá ni wọ́n máa ń já. Wọn a rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn a sè é pẹ̀lú kánún díẹ̀, wọn a sì fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi máa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a da irú, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti iyọ̀ sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò bá sí ewé tútù, èyí tí wọ́n ti sá pamọ́ sí orí àjà ni wọ́n ń sè. Kò sí ọjọ́ tí a kì í rí ọbẹ̀ jẹ ọkà ní ilé wa, bí kò tilẹ̀ sí owó.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo ń gbé. Ní alẹ́, kí a tó sùn, a máa ń sọ nípa oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ ní ilé. Ẹnìkan a ní ìrẹsì àti dòdò, ẹlòmíràn a ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní àmàlà láfún. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ di imú. Ó ní, "Èyí tí ó máa ń rùn yẹn?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sí ilé nígbà tí a gba ìsinmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé Tápà, ìyá àgbà gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, wọ́n sì fi awo dé e. Wọ́n bu tiwọn, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo yọjú wo inú abọ́ wọn. Ìlasa àti ata lásán ni mo rí. Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí tèmi náà yóò ṣe rí nìyẹn. N kò tilẹ̀ ṣí i.

Mo ní, "Ìyá àgbà, n kò jẹ làfún mọ́ o. Ìrẹsì ni a ń jẹ ní ilé ìwé."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n ní, "Ó dáa, Àkànní. Kò sí ìrẹsì nílé lónìí. Bí ebi bá ń pa ọ́, o mọ ibi tí ààrò wà." Wọ́n gbé abọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tí eérú ti gbóná, wọ́n sì ń bá oúnjẹ tiwọn lọ.

Ebi kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń hanrun, mo rọra dìde, mo lọ sí ìdí ààrò, mo sì jókòó sórí àpótí wọn. Òṣùpá ń tàn wọlé láti ojú fèrèsé. Mo ṣí abọ́, mo bu òkèlè, mo fi kan ọbẹ̀. Ọwọ́ mi bá nǹkan pàdé. Odidi ẹja kíká kan ni, tí wọ́n fi ìlasa bò mọ́lẹ̀.

Mo rántí abọ́ ìyá àgbà. Ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n rà ní ọjà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń bọ̀ wálé. Mo jẹ àmàlà náà tán ní tútù, mo fi ìka nu ọbẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹja náà. Mo gbé e sínú abọ́ ìyá àgbà, mo fi awo dé e, mo sì padà lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbà ṣí abọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde. Oúnjẹ kì í bínú sí ènìyàn." Wọ́n gé ẹja náà sí méjì, wọ́n sì na apá tí ó tóbi jù sí mi. Wọn kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí a wọlé padà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi tún fi làfún ṣe yẹ̀yẹ́, n kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Lónìí, apá ìyá àgbà kò lágbára láti ro ọkà mọ́. Èmi ni mo máa ń rò ó bí mo bá lọ sí ilé. Wọn a jókòó tì mí, wọn a máa wo ọwọ́ mi, wọn a ní, "Àkànní, kókó wà níbẹ̀, tún un rò." Bí ọkà bá jinná, èmi náà ni mo ń bu ọbẹ̀. Mo sì mọ abọ́ tí mo ń fi ẹja sí.

6. ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀWÒṢE

Tún àròkọ náà kà, kí o sì wo àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa.

(a) Ìfáàrà rẹ̀ kúrú. Ó dárúkọ oúnjẹ, ó sì sọ ohun kan tí yóò mú kí a fẹ́ ka ìyókù: ẹni tí ó fẹ́ràn oúnjẹ yìí ti kọ̀ ọ́ rí. Kò sí òwe níbẹ̀, kò sì sí ìtàn ìlú.

(b) Ó ṣàpèjúwe bí a ṣe ń ṣe làfún, ṣùgbọ́n kò dà bí ìwé ìdáná. Ohun tí ó fà á ni pé ènìyàn wà nínú àpèjúwe náà. Igbe ìyá àgbà, sísáré gun àpáta àti àpá ẹsẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí a gbà pé ẹni tí ó ń kọ̀wé wà níbẹ̀.

(d) Wá ọ̀rọ̀ náà "dùn" nínú àròkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. O kò níí rí i. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi ìka nu ọbẹ̀ ní òru, ta ni kò mọ bí ọbẹ̀ náà ṣe rí lẹ́nu?

(e) Bákan náà ni kò sí ibi tí ó ti kọ pé "ìyá àgbà nífẹ̀ẹ́ mi púpọ̀". Ẹja ni ó fi sọ ọ́. Abọ́ tí kò ní ẹja ní ìrọ̀lẹ́ àti abọ́ tí ó ní ẹja ní òru ni a fi mọ ohun tí ìyá náà fi du ara rẹ̀. Bí o bá ní ohun kan tí ó ṣe pàtàkì láti sọ, wá nǹkan tí ojú lè rí kí o fi sọ ọ́.

(ẹ) Kò fi àṣìṣe ara rẹ̀ pamọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ rò pé àròkọ nípa oúnjẹ gbọ́dọ̀ fi ọ́ hàn bí ọmọ dáadáa. Rárá o. Ọmọ tí ó sọ pé òun bá wọn rẹ́rìn-ín ni a gbà gbọ́ nígbà tí ó sọ pé òun kò rẹ́rìn-ín mọ́.

(f) Ó lo "wọ́n" fún ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "wọ́n" ní ìpínrọ̀ kan tí ó sì kọ "ó" ní ìkejì fún àgbàlagbà kan náà yóò pàdánù máàkì.

(g) Ìkádìí rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ní ìparí, mo fẹ́ gba ẹ̀yin ọ̀dọ́ níyànjú". Ó mú wa padà sí ìdí ààrò kan náà, ó sì fi hàn pé ipò ti yí padà: ẹni tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún ni ó ń bu ọbẹ̀ báyìí.

7. ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ O LÈ LÒ

Sá: láti tẹ́ nǹkan sínú oòrùn kí ó lè gbẹ.
Jọ̀: láti fi kọ̀nkọ̀sọ̀ ya ìyẹ̀fun tí ó kúnná kúrò lára èyí tí kò kúnná.
Ro: láti fi ọmọrogùn po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná títí yóò fi di ọkà.
Kókó: ìyẹ̀fun tí ó dì sínú ọkà tí a kò rò dáadáa.
Ìjábẹ̀: ìgbálẹ̀ kékeré tí a fi ń já ọbẹ̀ tí ó ń yọ̀.
Àjà: òkè inú ilé, níbi tí a ń kó nǹkan gbígbẹ pamọ́ sí.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ bá wù ọ́ láti lò, fi í sí ẹnu ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú àròkọ rẹ. Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí o fi kọ ìyókù.

8. IṢẸ́ ṢÍṢE

Má ṣe há àwòṣe yìí sórí. Olùyẹ̀wò yóò mọ̀ bí ìyá àgbà kan náà bá fi ẹja kan náà pamọ́ sínú ogún ìwé. Bí ó bá jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń sè ní ilé yín ní Ìjẹ̀bú, tàbí ẹ̀bà tí o dá jẹ ní ọjọ́ tí kò sí ẹnì kan ní ilé, ìyẹn ni kí o kọ. Kò sí oúnjẹ tí ó kéré jù fún àròkọ.

(1) Kọ orúkọ oúnjẹ mẹ́ta tí o jẹ kí o tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ ẹni tí ó sè é àti ohun kan tí ẹni náà máa ń sọ nígbà tí ó bá ń sè é. Èyí tí o bá rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni kí o mú.

(2) Ṣàpèjúwe bí a ṣe ń jẹun ní ilé yín ní alẹ́, láìlo "dùn", "dára" tàbí "púpọ̀".

(3) Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: (a) Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná fún àwọn òbí mi. (b) Oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ ọjà. (d) Oúnjẹ tí mo kórìíra tẹ́lẹ̀ tí mo wá fẹ́ràn.

Kí o tó dáwọ́ dúró, ka àròkọ rẹ sókè fún ẹni tí ó sè oúnjẹ náà, bí ó bá ṣì wà láàyè. Bí ó bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ó rí," o ti ṣe tán fún ìdánwò.